Àwòdì Onírin inú Oko Ìrẹsì Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé bí mo bá wọ inú oko ìrẹsì, ẹnikẹ́ni ò ní rí orí mi, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa lé ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Mowe àti Ibafo, tí ẹ̀ ń ra ìrẹsì nínú àpò tí wọ́n rán lẹ́nu, ẹ lè rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré rárá. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ọ̀fàdà, bí ìrẹsì bá ti yọ orí, tí inú ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ omi funfun bíi wàrà, ẹyẹ ẹ̀ga á ti gbọ́. Ta ló ń sọ fún wọn, n ò mọ̀. Wọ́n á ya bo oko, wọ́n á máa fi ẹnu tẹ ọmọ ìrẹsì, wọ́n á mu omi inú rẹ̀, wọ́n á sì fi èèpo sílẹ̀ fún ọ lórí igi rẹ̀. Láti òkèèrè, wàá rò pé o ní ìrẹsì. Ìgbà tí o bá fọwọ́ kàn án lo máa tó mọ̀ pé òfìfo lò ń wò.

Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ó ní bí o bá dúró sójú kan tí ò ń pariwo, ẹyẹ á kà ọ́ mọ́ igi. A máa ń na okùn láti etí oko kan dé èkejì, a ó so agolo mílíìkì tó ti ṣófo mọ́ ọn, òkúta kéékèèké á wà nínú agolo, a ó sì máa fa okùn náà láti orí pẹpẹ igi tó wà láàárín oko. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń tú okùn yẹn, tí á tún un nà síbòmíràn. Lónìí, ariwo á wá láti ìhà odò. Lọ́la, á wá láti ẹ̀bá ọ̀nà. Ó máa ń wí pé, “Bí o ṣe ń wo ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń wò ọ́.” A sì gbọ́dọ̀ ti wà lóko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, torí pé àárọ̀ kùtùkùtù ni ẹ̀ga ń jẹun jù. Bí oòrùn bá ti mú, wọ́n á wọ igbó lọ sinmi, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà. Kò sẹ́ni tó kọ èyí sínú ìwé kankan. Inú orí ìyá mi ló wà, àti inú orí àwa ọmọ tí a kì í sùn tó.

Ìrẹsì tí à ń ṣọ́ yẹn, ìyá ìyá mi ló mú un wá láti ilé bàbá rẹ̀. Pupa ni ọmọ rẹ̀, ó ní irun gígùn lẹ́nu bí irùngbọ̀n, òórùn rẹ̀ á sì dé ilé kẹta bí ẹ bá gbé e kaná. Ilẹ̀ kékeré kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún irúgbìn rẹ̀ nìkan, a kì í jẹ nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: irúgbìn ìrẹsì kì í pẹ́ nílé. Bí o kò bá gbìn ín lọ́dún yìí, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ̀ẹ̀rùn gba orí rẹ̀ kọjá, kò ní hù mọ́. Ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ gbìn ín, ká kórè rẹ̀, ká tún gbìn ín. Bí ó ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn nígbà tí ìyá mi kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa yòókù ti lọ ń gbin ìrẹsì ìjọba tó ń yá so. Èmi nìkan ló kù tó ní i.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún púpọ̀ kọjá, kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ká mi lára. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn wa ni, kí ẹ́sítéètì tó gba gbogbo ilẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti lọ s'Ékòó. Àwọn ọmọdé abúlé ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, ohun tó sì dára nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kò dára. Àwọn géńdé ti lọ ra ọ̀kadà, wọ́n ń gbé èrò ní Mowe. Èmi pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí ló kù tí mo ń lé ẹyẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ wá bá wa wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ, mo yọ̀ tọkàntọkàn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé èmi ni ò fẹ́ ẹ̀rọ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ni wọ́n, ọ̀gá wọn nìkan ló dàgbà díẹ̀. Wọ́n jókòó sílé baálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Ọ̀gá yẹn ní àwọn ò fẹ́ ṣe bíi ti àwọn tó máa ń gbé ẹ̀rọ wá láìbi ará ìlú, àwọn fẹ́ kí ará ìlú bá àwọn dá sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ ni. Ta ni wọ́n wá bi? Baálẹ̀ ni wọ́n bi pé ìgbà wo lẹyẹ ń wá, baálẹ̀ tí kò lé ẹyẹ rí láti ìgbà tó ti ń wọ ṣòkòtò. Ó ní ọ̀sán ni, torí pé ọ̀sán lòun máa ń rí wọn bí òun bá ń gba atẹ́gùn níwájú ilé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa obìnrin wà lẹ́yìnkùlé, à ń se oúnjẹ tí àwọn àlejò máa jẹ, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo sọ fún ìyá tó ń bá mi gé ẹran pé, “Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí baálẹ̀ ń wí?” Ó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ ká rí ẹran yìí dín.” A sì fi wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e dé. Òpó irin gíga kan ni, wọ́n gbé àpótí lé e lórí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn bíi ti mọ́ṣáláṣí wà lára àpótí náà, wọ́n sì gbé pátákó dúdú kan tó ń gba agbára oòrùn lé gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá tàn án, á ké bí àwòdì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún ké. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ké, adìẹ mi sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí n tiẹ̀ sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, àwọn adìẹ mi nìkan ló gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́ títí dé òpin.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi oko kan dán an wò, oko tó wà létí ọ̀nà, kí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá lè dé ibẹ̀, kí wọ́n sì rí i yà ní fọ́tò. Ilẹ̀ irúgbìn mi ló wà létí ọ̀nà. Baálẹ̀ nawọ́ sí i, kò tiẹ̀ bi mí. Ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ihò tán ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní, “Ìwọ ni oríire yìí já lé lọ́wọ́ o.” Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ọ̀gá wọn wá ní kí n tú okùn agolo mi kúrò, kí n má sì wọ oko lọ lé ẹyẹ rárá títí ìrẹsì á fi gbó, kí àwọn lè mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe èmi. Mo tú u. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ká okùn yẹn jọ.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ Ifo. Ó ti sọ fún mi pé ìyá òun ń ta gaàrí níbẹ̀, ó sì ń bá mi ṣeré bí ọmọ gidi. Òun ló mú ìwé àti bírò wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ òpó yẹn ò tíì gbẹ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kí ẹ sọ fún wa o. Ṣé ó okay báyìí? Ṣé nǹkan kan wà tí ẹ máa fẹ́ ká yí padà?”

Mo bi í pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ náà ń jí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí oòrùn bá ti mú dáadáa. Ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ̀rọ tó máa lé ẹyẹ, ìgbà tí ẹyẹ bá ti jẹun tán ni yóò jí! Wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀, kò lè ṣípò padà láéláé. Mo ti rí àléébù rẹ̀ kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn sọ́kọ̀. Mo la ẹnu báyìí láti sọ ọ́. Mo wo ọ̀gá wọn tó ń rẹ́rìn-ín, mo wo baálẹ̀, mo wo ọmọbìnrin náà tí òógùn bò, tó fọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ńtì. Mo ní, “Ó dára gan-an, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Olúwa á bù kún yín.” Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára. Ojú mi báyìí ló ṣe kọ ọ́.

Ẹ má pè mí lópùrọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí àna rẹ bá gbé aṣọ wá fún ọ tí kò gbà ọ́ láyà, wàá dúpẹ́ ná, wàá gbé e wọ̀ lójú rẹ̀, kí o tó wá ẹni tó máa bá ọ tú u lẹ́yìn tó bá lọ. Ta ló máa dójú ti ọmọ ọlọ́mọ lójú ọ̀gá rẹ̀? Mo rò pé bó pẹ́ bó yá, mo máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa fi sùúrù sọ ọ́ fún un. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹyẹ ò wá. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi pé ojú burúkú ni mo fi wo nǹkan olóore. Ní ọjọ́ kẹrin, mo dúró létí oko láàárọ̀ kùtù, mo rí ẹ̀ga kan tó bà lé orí òpó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, orí ẹ̀rọ yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń gba atẹ́gùn lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ó bá ké, wọ́n á dá a lóhùn. Ẹ̀ga tí kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Èmi sì dúró létí oko bí ẹni tí wọ́n dè lókùn, torí mo ti ṣèlérí, baálẹ̀ náà sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ba ìdánwò àwọn ọmọ yìí jẹ́, olúwarẹ̀ ló máa lé iná mànàmáná tí wọ́n lè bá wa bẹ ìjọba fún padà. Ta ló ṣèlérí iná fún un? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi sórí bébà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Mowe, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agbòjò létí títì márosẹ̀. Owó ìṣẹ́jú kan péré ló wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn owó ọ̀kadà tí mo máa fi padà. Ọmọ náà gbé e. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó pariwo.

“Màmá! Ẹ káàárọ̀ mà! Inú mi dùn o. Ṣé ara le? Orúnkún yín ńkọ́?”

Mo ní orúnkún ń ṣe dáadáa. Mo ní ìyá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní wọ́n wà, wọ́n ń kí mi. Mo ní gaàrí ńkọ́, ṣé ó ń tà. Ó ní ó ń tà, àdúrà wa ló ń gbà. Mo ní àmín. Ó bi mí léèrè àwọn adìẹ mi, mo dáhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Ọmọ kí mi, kí n má dá a lóhùn? Kí n kàn já lu ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀? Ìgbà tó yá ló wá ní, “Màmá, ẹ̀rọ wa ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

Mo ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ o, ọmọ mi, ṣùgbọ́n...”

Ìpè já. Obìnrin abẹ́ agbòjò na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀, ó ní, “Màmá, ìṣẹ́jú yín ti pé.” Mo ronú pé kí n fi owó ọ̀kadà pe ìpè mìíràn, kí n fẹsẹ̀ rìn padà sí abúlé. Orúnkún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán ló ní kí n má dán an wò. Mo wá sọ fún ara mi pé ọmọ yẹn gbọ́n, á ti gbọ́ “ṣùgbọ́n” yẹn, á pè padà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin náà títí ó fi di ọ̀sán. Fóònù ń dún, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Nígbà tí mo padà délé, mo ní kí baálẹ̀ àti ìdánwò rẹ̀ lọ rọ́kún nílé. Mo kó okùn agolo mi, mo wọ oko. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Gbogbo orí ìrẹsì tí mo bá fà sọ́wọ́, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ló ń ṣe. Mo jókòó sáàárín oko yẹn, mo sunkún bí ọmọ kékeré, àwòdì onírin sì ń ké lórí mi. Ìwọ̀nba tí mo rí kórè kò kún igbá, àwọn tó sì wà níbẹ̀ ò gbó tán. Nígbà tí òjò dé, mo gbìn wọ́n pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan tó kù láti ọdún tó ṣáájú. Bí mo ṣe ń gbìn wọ́n ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Wọn ò hù.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà ìkórè, wọ́n padà wá. Ọ̀gá wọn wo oko, ó wo òpó, ó sọ fún baálẹ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé a ò nu eruku ojú pátákó yẹn bó ṣe yẹ. Eruku! Baálẹ̀ ní ó ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin yẹn wọ inú oko, ó fọwọ́ ra ìrẹsì náà, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

Gbogbo inú tó ń bí mi láti ọjọ́ yìí wá dà lé e lórí. Mo ní, “Ṣé ẹ bi mí ni?” Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi hàn mí. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì: ó dára. Orúkọ mi tún wà nísàlẹ̀, ọjọ́ tí mo lọ sí Mowe: màmá pè láti kí wa, ó ń ṣiṣẹ́. N ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ka èyí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ò tiẹ̀ dákẹ́ lásán, ó tún ń dúpẹ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, inú mi ò tíì rọ̀ sí wọn, inú mi ò sì tíì rọ̀ sí ara mi. Òótọ́ ni pé ọmọbìnrin yẹn bi mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bi yín léèrè lójú ọ̀gá rẹ̀, lójú baálẹ̀, lẹ́yìn tó ti gbé òpó kalẹ̀ tán, kí lẹ fẹ́ dá a lóhùn? Ìbéèrè tó bá dé lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, ìkíni ni, ìkíni náà la ó sì fi dá a lóhùn. Ká ní wọ́n ti wá bá mi sùn sí abúlé lọ́jọ́ kan péré, kí a jọ jí láàárọ̀ kùtù, kí a jọ fa okùn agolo, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan rárá, wọn ì bá ti rí i.

Ayé ti yí báyìí. Ẹ́sítéètì ti gba ilẹ̀ irúgbìn mi, ìdílé onígbàgbọ́ kan láti Èkó ló kọ́lé síbẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n máa ń kí mi. Lẹ́yìn ọdún yẹn, mo wá irúgbìn ìyá mi káàkiri gbogbo abúlé tó yí Ọ̀fàdà ká, títí dé àwọn ibi tí n ò dé rí. Ẹni tí mo bá bi, á ní ìyá òun ní i tẹ́lẹ̀. Èmi náà sì ti yí padà. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gbé fóònù wá báyìí pé kí n bá àwọn wo nǹkan tí àwọn ṣe fún àgbẹ̀, tí kò bá dára, mo máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó jókòó. Àwọn ọmọ mi ní mo ti di ìyá onísọkúsọ, pé ojú ń ti àwọn. Kó máa tì wọ́n lọ.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan wá. Kò gbé ẹ̀rọ kankan dání. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń ṣe ìrẹsì kí òun tó ronú nǹkan tí òun máa ṣe. Ó bi mí léèrè ẹyẹ, ó bi mí léèrè àárọ̀ kùtù, ó bi mí nípa okùn, ó sì fetí sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo ohun tí mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí láti ọdún yìí wá, ó bi mí. Ó wá ní, “Màmá, ìrẹsì onírùngbọ̀n tí ẹ ń sọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí ẹyọ kan péré nínú rẹ̀?”

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní kò sí mọ́.